Àjàṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nínú ọyẹ́: apá ibo ni ká kọ́kọ́ rìn?

Tíṣà Àjàṣẹ́ · 28/11, 20:14

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti jọ sọ ọ́ pé nínú ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, a máa fẹsẹ̀ rìn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí dé Ṣábẹ̀, ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. A ò ní rìn ín lẹ́ẹ̀kan náà o, iṣẹ́ ò ní gbà, tíṣà ni mí, òun náà ń ránṣọ, ìsinmi ọdún àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ní. A rò pé ká pín ọ̀nà náà sí mẹ́rin: Àjàṣẹ́ sí Sakété, Sakété sí Pọbẹ̀, Pọbẹ̀ sí Kétu, Kétu sí Ṣábẹ̀. Ibi tá a bá dé, ká wọ mọ́tò padà sílé, tá a bá tún ráyè ká wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ ká máa bá a lọ.

Ará Ṣábẹ̀ ni bàbá ìyá wa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, torí inú mọ́tò nìkan ni mo ti ń wò ó látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rin apá kan níbẹ̀ kó bá wa dá sí i. Ṣé ká tò ó bó ṣe wà yẹn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè? Báwo ni omi ṣe rí láàárín Kétu àti Ṣábẹ̀? Òtútù òru ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó tó ohun tá à ń ra kọ́ọ̀tù sí? Ibo la máa sùn sí?

Ọmọ Alákétu · 28/11, 20:51

Ẹ kú ìmúra o, Àǹtí tíṣà. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Àjàṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Àjàṣẹ́ sí Sakété ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ilé ò dá lójú ọ̀nà, oúnjẹ wà, tó bá rẹ̀ yín ẹ dá zémijan (ọ̀kadà tó ń gbé èrò) dúró, ó parí. Ẹsẹ̀ á ti mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ò bá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí, tó wá gbé ẹrù pọ̀n lọ sínú ìgbẹ́ àríwá Kétu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyà ló ń wá. Tẹ́ ẹ bá dé Kétu ẹ sọ fún mi, ilé wa ò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀nà, ibodè àtijọ́ ìlú wa.

Ará Òkè Ṣábẹ̀ · 28/11, 21:37

Mi ò fara mọ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n Kétu sọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nítorí ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá à ń gbójú fò.

Òjò tiwa ní Ṣábẹ̀ kì í ṣe bíi ti Àjàṣẹ́. Lọ́dọ̀ yín, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù keje, á dánu dúró díẹ̀, òjò kékeré á tún dé ní oṣù kẹsàn-án, á sì lọ wọ oṣù kọkànlá. Tiwa níbí, tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, òjò ti ń kúrò nílẹ̀ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wá rò ó wò, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rin Àjàṣẹ́, ẹ rin Sakété, ẹ rin Pọbẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi dé ọ̀nà Kétu sí Ṣábẹ̀ oṣù kejì ti wọlé, àwọn odò kéékèèké tó wà níbẹ̀ ti gbẹ dé yanrìn, kànga àbúlé míì ti ń yọ ẹrẹ̀, ẹ ó sì bá àwọn ìyá tó ti lọ to garawa sídìí pọ́ǹpù láti ìdájí. Ẹ ò ní fẹ́ jẹ́ àlejò tó ń bá wọn pín ìyẹn.

Lójú òfurufú, Kétu sí Ṣábẹ̀ tó 75 kìlómítà, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì máa lé sí i torí ó ń yà sọ́tùn-ún ó ń yà sósì. Ibẹ̀ ló gùn jù, ibẹ̀ náà ló dá jù. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi ìsinmi ọdún, tẹ́ ẹ ní ọjọ́ tó pọ̀ lọ́wọ́, rin apá yìí ní oṣù kejìlá nígbà tí omi ṣì wà nínú kànga. Ẹ wá fi àwọn apá ìsàlẹ̀ sí òpin ọ̀sẹ̀ oṣù kìíní àti oṣù kejì, ọ̀nà ọ̀dà wà níbẹ̀, omi ò wọ́n. Ẹni tó ń rin ọ̀nà gígùn díẹ̀díẹ̀ kò ní kó tò ó bí ẹní ń ka nọ́ḿbà, àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ó lè mú apá kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá dáa jù fún un.

Ẹ máa rántí odò Ọ̀pàrà. Apá òkè ló ti ń bọ̀, níbi kan òun ni ààlà àwa àti Nàìjíríà, ó sì ń lọ dà sínú odò Wẹ̀mẹ̀ nísàlẹ̀ Ṣábẹ̀. Ẹ máa kọjá rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń fà, ibòmíì á di adágún-adágún, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú wò ó láti etí bèbè kẹ́ ẹ sọ pé kò jìn. Àbúlé tó kù kẹ́ ẹ tó dé odò, ẹ béèrè ibi táwọn ará ibẹ̀ ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹnì kan sìn yín dé etí omi. Ẹ bọ́ báàgì sí èjìká kan kẹ́ ẹ tó wọ inú omi, tẹ́ ẹ bá yọ̀ ẹ lè jù ú sílẹ̀ kó má fà yín lọ.

Ìkejì ni iná ọ̀dàn. Látìgbà tí koríko bá ti gbẹ ni wọ́n ti ń sun ún, àwọn ọdẹ ń sun, àgbẹ̀ ń sun, darandaran náà ń sun. Tẹ́ ẹ bá rí èéfín níwájú, ẹ dúró kẹ́ ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Tó bá ń bọ̀ wá bá yín, ẹ má sáré wọ inú koríko gíga o! Ibi tó ti jó kọjá tó ti dúdú ni kẹ́ ẹ wá lọ dúró sí, iná kì í padà wá jó eérú.

Ìyá Elépo Pọbẹ̀ · 29/11, 06:20

Ẹ kàárọ̀ o. Ọmọ Ṣábẹ̀ yẹn sọ òótọ́, mo fẹ́ fi ti ìhà ọ̀dọ̀ wa kún un. Láàárín Pọbẹ̀ àti Kétu ẹ máa gba ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, amọ̀ ni, inú kòtò ló wà. Nígbà òjò ọ̀nà inú àbúlé ò ṣeé gbà, bàtà á wọlẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Òjò kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, nítorí náà ní oṣù kejìlá ẹ ṣì lè bá ibi tó rọ̀ tó ń yọ̀. Tó bá di oṣù kìíní ilẹ̀ náà á gbẹ, á wá sán, àwọn ojú tó sán yẹn fẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sí i, ẹni tí ò bá wolẹ̀ á fi ọrùn ẹsẹ̀ dá síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà lẹ fẹ́ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí ò kàn yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba inú àbúlé kẹ́ ẹ fojú rí ilẹ̀ dáadáa, ẹ fi Ọ̀họ̀rí sí oṣù kìíní tó bá ti ń parí lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ò ní rántí sọ. Àǹtí tíṣà, obìnrin ni yín. Láti Sakété títí dé ọ̀dọ̀ wa àti nínú àwọn àbúlé, Orò máa ń jáde, tó bá sì ti jáde obìnrin ò gbọ́dọ̀ sí níta. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ bi àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n máa ń mọ ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde. Ẹ béèrè ti ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ má béèrè ti ìlú tẹ́ ẹ wà nìkan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ilé tó bá sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ kí wọn, wọ́n á gbà yín sílé. Kẹ́ ẹ sọ pé àlejò ni yín kò ní gbà yín.

Ọmọ Kétu ní Lyon · 29/11, 09:05

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á, orí mi wú, torí bí mo ṣe ń rìn níbí ní ilẹ̀ Faransé náà nìyẹn. Láti ọdún bíi mélòó kan ni mo ti ń rin ọ̀nà àwọn onígbàgbọ́ tó ti Le Puy-en-Velay lọ sí Saint-Jean-Pied-de-Port, níbi tí wọ́n ti ń gun òkè kọjá sí Sípéènì, díẹ̀díẹ̀, nínú òtútù, nítorí ìgbà yẹn ni ibi iṣẹ́ mi máa ń fún wa láyè. Ìgbà òtútù níbí kì í ṣe eré: oòrùn ń wọ̀ ní bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ti ti ilẹ̀kùn, yìnyín ń bo àmì ọ̀nà. Ọ̀nà orí òkè tó jáde ní Saint-Jean lọ sí Roncesvalles, wọ́n máa ń tì í pa látọjọ́ 1 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọ̀nà àfonífojì Valcarlos lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Nítorí náà, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń wò ni ibi tá a lè gbà jáde tí nǹkan bá yíwọ́, ibi tí mọ́tò tàbí réluwéè wà. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń wo iye kìlómítà tá a fẹ́ rìn. Kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà nílé. Apá Àjàṣẹ́, Sakété, Pọbẹ̀, Kétu, kò sí ibi tẹ́ ẹ dúró sí tẹ́ ẹ ò ní rí nǹkan gùn. Kétu sí Ṣábẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó lé lórí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àbúlé tí zémijan ń dé sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti òtútù, ẹ má ra kọ́ọ̀tù. Ní ìdájí nínú ọyẹ́ ó lè lọ sísàlẹ̀ 20 dígíríì ní Ṣábẹ̀, lọ́sàn-án á sì lé ní 30. Kọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ò lè bá ìyẹn yí. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, aṣọ fẹ́lẹ́ alápá gígùn lé e, súwẹ́tà lé e. Tí ara bá ti ń móoru, ẹ bọ́ súwẹ́tà kí òógùn tó dé, torí aṣọ tó bá tutù mọ́ni lára ló ń jẹ́ kí òtútù wọni nígbà téèyàn bá dúró. Aṣọ tẹ́ ẹ máa fi sùn, ẹ má fi rìn láé, inú ọ̀rá ni kó wà kó gbẹ. Fìlà tàbí gèlè lórí lóru, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ lẹ́sẹ̀, kúbùsù kan kí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ti tó.

Àkókò: lóṣù kejìlá àti oṣù kìíní oòrùn ń yọ nílé ní bí aago méje, ó ń wọ̀ kí aago méje alẹ́ tó lù. Ẹ jáde nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ẹ rìn títí di aago mọ́kànlá, ẹ sinmi lábẹ́ igi, ẹ tún dìde ní bí aago mẹ́ta ààbọ̀.

Ọmọ Alákétu · 29/11, 12:48

Mo gbọ́ ti omi yẹn, Ará Òkè, òótọ́ ni. Kétu gan-an lórí òkè pẹrẹsẹ ló wà, omi jìn nísàlẹ̀, láti ayé àwọn baba wa ni ìlú wa ti ń wá omi. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ibi tó le jù dán ẹsẹ̀ wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ rin Àjàṣẹ́ sí Sakété ní òpin ọ̀sẹ̀ kan kí ìsinmi tó dé, pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n máa gbé gan-an, kí wọ́n gbé omi náà, kí wọ́n fi mọ bàtà tó ń jẹ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n wá mú ti Ṣábẹ̀.

Ohun kan wà tẹ́nì kankan ò tíì sọ. Ibi tí oòrùn ti ń yọ lápá òkè, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹni tó bá ń ti Kétu lọ sí Ṣábẹ̀, eruku ń gbá a lójú láti àárọ̀. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ṣábẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa rìn bọ̀ ní Kétu, afẹ́fẹ́ á wà lẹ́yìn yín. Kẹ́ ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn jáńdáámù, àwọn ológun tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ tó wọgbó.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Sakété · 29/11, 13:30

Jáńdáámù ò sí mọ́ ẹ̀gbọ́n, láti 2018 ni wọ́n ti pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá nìkan ló kù. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání o, ìtòsí ààlà lẹ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọ́n á béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, lórí ọ̀nà ọ̀dà ẹ máa rìn lọ́wọ́ òsì, kẹ́ ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Àwa ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá rìn lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn lọkọ̀ máa ti bá yín. Láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, tí eruku bo ojú ọ̀nà bámúbámú, èmi tí mo wà nídìí ọkọ̀ kì í rí èèyàn títí mo fi máa sún mọ́ ọn. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò tàbí funfun, ẹ má wọ aláwọ̀ eérú. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà kó epo bẹntiróò náà, eré tí wọ́n ń sá kì í ṣe kékeré, wọn ò sì lè dúró lójijì pẹ̀lú ẹrù yẹn.

Réluwéè Àtijọ́ · 29/11, 15:02

Ẹ̀yin ará, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ kí wọ́n rìn láàárín ọkọ̀? Ojú irin réluwéè àtijọ́ wà, èyí tó ti Kútọnu gba Àjàṣẹ́ lọ sí Pọbẹ̀, 107 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀. Réluwéè ò gbabẹ̀ mọ́. Ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì tọ́. Kí wọ́n tọ ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Pọbẹ̀, ó tán.

Ìyá Elépo Pọbẹ̀ · 29/11, 17:44

Ọmọ mi, ìwọ ti rìn ín láìpẹ́ yìí? Ibòmíì ti di oko, ibòmíì ti di ilé àti ìsọ̀ ọjà, igbó ti bo ibòmíì tí wọn ò rí ibi tí irin gbà mọ́. Kí wọ́n lò ó níbi tó bá ti hàn, kí wọ́n padà sí ọ̀nà àbúlé níbi tí ò bá ti hàn, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko. Afárá irin àtijọ́, ẹ má gùn ún rárá.

Nọ́ọ̀sì Sakété · 29/11, 21:10

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ sọ ti ara.

Nínú ọyẹ́ èèyàn ń pàdánù omi láìmọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa òógùn kó tó hàn lára. Ẹ ò ní rí òógùn, ẹ ó rò pé ẹ ò nílò omi. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín: tó bá ti pọ́n tó sì kéré, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹni kan á nílò lítà mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá piọ́wọtà, ẹ̀gún kan ṣoṣo ó ti dà nù, ẹ mú jálá kékeré tó le dání. Tí ara bá rọ̀, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà tí ẹ fi ọwọ́ gbá lójú, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, ẹ pò ó kẹ́ ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Omi kànga àti omi odò, ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ fi òògùn omi tí wọ́n ń tà ní fàmasí sí i, kẹ́ ẹ dúró ìdajì wákàtí. Ẹnì kan pè mí pé ó ń bẹ̀rù sòbìà. Sòbìà ti kúrò ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí i láti 2009. Àmọ́ tìfọ́ọ̀dì àti onígbáméjì ò lọ.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún nísàlẹ̀ ibí ni egbò Buruli, àrùn kan tó máa ń jẹ awọ ara. Ibi tí omi ti dúró tàbí tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ ni kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ wẹ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde nínú omi, ẹ bo ojú ọgbẹ́. Tí kókó kan bá wú lára tí kò dunni, ẹ má fi pa mọ́, ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Pọbẹ̀ gan-an.

Ejò: paramọ́lẹ̀ kì í sá fúnni, ojú ọ̀nà ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ewé gbígbẹ mu. Ẹ má fi ẹsẹ̀ sí ibi tójú ò tó. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má so ẹsẹ̀ le, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má jẹ́ kó rìn mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ìléròrò ẹsẹ̀: kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi òrí pa gìgísẹ̀ àti àárín ọmọ ìka.

Màmá Ìbejì · 29/11, 21:55

Mo kí yín o nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ ló dáa, ṣùgbọ́n òrí àárọ̀ yẹn ò bá mi lára mu rárá. Mo máa ń rìn lọ sọ́jà àbúlé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí mo bá ti fi òrí pa ẹsẹ̀ láàárọ̀ awọ á rọ̀, bàtà á wá bó o. Alẹ́ ni mo ń fi òrí sí i, mo ti fọ ẹsẹ̀, mo ti nù ún gbẹ, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e sùn. Tó bá di àárọ̀ gìgísẹ̀ tó ti sán á ti rọ̀, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ á gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Sakété · 29/11, 22:07

Ìyá mi, ara ò dọ́gba, mo rí àwọn tó jẹ́ pé ti àárọ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí Àǹtí tíṣà dán méjèèjì wò lójú ọ̀nà Sakété, ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú òrí, ẹsẹ̀ òsì láìsí òrí. Ètè àti inú imú ní tiwọn, òrí ni láàárọ̀ àti lálẹ́, kí imú má baà ṣẹ̀jẹ̀.

Ará Òkè Ṣábẹ̀ · 30/11, 07:33

Ẹ̀gbọ́n Kétu, lórí pé kí wọ́n ti Ṣábẹ̀ rìn bọ̀: òótọ́ ni ti afẹ́fẹ́, ẹ sì gbàgbé oòrùn. Lóṣù kejìlá oòrùn máa ń tẹ̀ sí ìhà gúúsù. Ẹni tó bá ń rìn bọ̀ ní Kétu, oòrùn ń bẹ níwájú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Ẹni tó bá ń lọ sí Ṣábẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ló ń bá, fìlà tàbí ìborùn á bo ìyẹn. Eruku sì ní oògùn: aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ fomi tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ fi bo imú àti ẹnu, pẹ̀lú jígí lójú.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìlú bàbá ìyá wọn ni wọ́n ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ìsàlẹ̀ bọ̀ tí ọyẹ́ ò pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, ẹ kọ́kọ́ máa rí nǹkan ràgàjì bíi òjìji nínú eruku, kì í ní àwọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni á wá yọ, àwọn àpáta ńláńlá tó yọrí sókè láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ìlú wà nísàlẹ̀ wọn. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó kọ ẹ̀yìn sí ìyẹn.

Tíṣà Àjàṣẹ́ · 30/11, 19:20

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ò ní rí ibi. A ti jókòó lórí rẹ̀. Sakété ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti fi dán ara wò, Kétu lọ sí Ṣábẹ̀ nínú ìsinmi ọdún, a ó sì kọjú sí òkè, Sakété sí Pọbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, Ọ̀họ̀rí kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló kù. Àbúrò mi ń wá àgọ́ tí wọ́n ń pa rà, ó ní ká máa sùn níbi tó bá ti rẹ̀ wá. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Ọmọ Kétu ní Lyon · 30/11, 19:41

Àgọ́ dáa o, ó ń gba afẹ́fẹ́ dúró, ó ń lé ẹ̀fọn. Èmi ò lè rìn láìsí tèmi.

Ará Òkè Ṣábẹ̀ · 30/11, 20:16

Lyon nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Níbí, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọdẹ máa ń ṣọdẹ òru, tọ́ọ̀ṣì lórí, ìbọn lọ́wọ́, ohun tó bá mira nínú ìgbẹ́ lójú wọn ẹran ni. Iná ọ̀dàn sì lè dé lóru. Ẹ má sùn síta ìlú. Ẹ dé àbúlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tààrà, ẹ kúnlẹ̀, kí àbúrò yín dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ọmọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹ mú obì dání, kò wúwo. Wọ́n á fún yín ní yàrá tàbí kí wọ́n ṣí kíláàsì fún yín, àbúlé tí ilé ìwé wà ni kẹ́ ẹ máa fojú sùn, ẹ̀yin tíṣà náà á tètè bá ara yín sọ̀rọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ rà dípò àgọ́, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa àgọ́ dandan, inú àgbàlá baálẹ̀ ni.

Oúnjẹ: gàrí, kúlíkúlí àti ṣúgà nínú báàgì fún ọ̀sán, alẹ́ ẹ ra ohun tí wọ́n bá sè. Ẹ máa bá àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà pàdé, èyí tí wọ́n ti sè tó ti pọ́n ni kẹ́ ẹ rà, ó ń pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Ọmọ Alákétu · 30/11, 20:58

Àgọ́ kọ́, mo wà lẹ́yìn Ará Òkè lórí èyí. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Kétu, ẹ sùn sílé wa, ìyàwó mi á se iyán. Màá fún yín ní nọ́ḿbà ẹnì kan ní Ìdígni, lápá òkè Kétu, tó ní zémijan, ẹ máa pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, tí kò bá gbúròó yín fún odindi ọjọ́ kan á wá yín wá. Ẹ pa fóònù nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn kí iná rẹ̀ má tán.

Ní oṣù kìíní, ẹ má fi òpin ọ̀sẹ̀ Sakété sí Pọbẹ̀ sún mọ́ ọdún ìbílẹ̀ tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà, ẹ ò ní rí mọ́tò padà sí Àjàṣẹ́ bọ̀rọ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti dúró, ẹ ya fọ́tò òkúta kìlómítà tàbí ilé tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi han dírẹ́bà nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ kó lè sọ̀ yín síbẹ̀ gan-an.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Sakété · 30/11, 21:12

Àwa dírẹ́bà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ òkúta, Àǹtí. Ẹ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìwé tó bá sún mọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní orúkọ àbúlé náà bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é.